Ọkọ̀ Kan Láàárín Aṣọ́bodè Méjì

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa, mo ti dé. Ẹ dákun, ẹ má bi mí nípa ejò mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Àyèká, kò sí ẹni tó rí mi tí kò bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣáínà ń jẹ ejò. Mo ní n kò rí ejò lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, wọn kò gbà mí gbọ́. Bàbá kan ní Òde-Ìrèlè tilẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó jẹ ẹ́ ni. Ojú ló ń tì í." Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé, kí n sọ ohun tí ojú mi rí gan-an, kí n sì fi ejò sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù láti jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ aṣọ́bodè ni mò ń ṣe, gbogbo yín lẹ mọ̀. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ti yẹ lọ, pàápàá àwọn tó máa ń gba inú omi kó sìgá fàyàwọ́ wọlé, tí wọ́n á tún kí mi tìtara-tìtara ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a gba òmìnira, ìjọba ní kí àwa ọmọ onílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ tí òyìnbó ń fi sílẹ̀. Wọ́n wá rán mi lọ sí èbúté kan létí ilẹ̀ Ṣáínà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso. Ẹ rò ó wò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òyìnbó dé ẹnu ọ̀nà ni, wọ́n ní kí n lọ bá a níbi tí kò tíì kúrò, kí n lọ wo bó ṣe ń ṣe é.

Ìyá mi sìn mí dé ibi tí ọkọ̀ ti gbé mi ní Igbodigo. Kò bẹ̀rù òkun, kò bẹ̀rù òkè. Oúnjẹ ló ń bẹ̀rù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọma mi, má jẹ́ kí onjẹ ghan mú ẹ gbàgbé ulé. Ààwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, má jẹ ẹ́ o." Aládùúrà ni wá nílé wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a kì í fi nǹkan kan kan ẹnu títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Wọ́n tú ẹrù aṣọ́bodè

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú. Mo wọ̀ ọ́, mo dijú, mo ń ka Sáàmù, ó balẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni iwájú ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan tó ní kí n ṣí àpótí mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, ọ̀gá rẹ̀ gan-an ló ránṣẹ́ pè mí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún ní kí n ṣí àpótí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bó ṣe ń rí lára àwọn tí èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ó fa sùtánà funfun mi jáde, ó bi mí bóyá aṣọ ìsùn ni. Ó bá púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí ìyá mi dì fún mi, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó gbé e sétí. Ó wá mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì láti wo ohun tí mo fi pamọ́ sínú rẹ̀. Púpurú ló wà nínú púpurú. Ojú rẹ̀ fi hàn pé èyí gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ó wá ṣí ìgò ata gbígbẹ mi, ó gbé e sí imú, ó fà á símú bí ẹni ń gbọ́ òórùn lọ́fínńdà.

Mo ti fẹ́ kìlọ̀ fún un, Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ. Ó sín títí ọ̀gá rẹ̀ fi sáré jáde láti yàrá kejì. Bí mo ṣe wọ ìlú náà nìyẹn.

Bí èèyàn ṣe ń di ìran

Ìlú náà kún. Ilé wà lórí ilé, aṣọ sísá wà lórí gbogbo rẹ̀, àwọn kan ò sì ní ilé rárá, inú ọkọ̀ lórí omi ni wọ́n ń gbé, tọkọ-taya, tọmọ-tadìyẹ. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ́ lẹ́yìn ilé wa kò ní yanu sí èèyàn tó fi omi ṣe àgbàlá. Èmi ni wọ́n yanu sí.

Bí mo bá dúró, ọjà a dúró. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé mi bí ẹni ń tẹ̀lé eégún. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ń ta ewébẹ̀ fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó di apá mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láti mọ̀ bóyá dúdú náà yóò ṣí. Inú ti ń bí mi bọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ìkà níbẹ̀. Èmi náà fi itọ́ ra àtàǹpàkò tèmi, mo nu apá rẹ̀. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì di ewébẹ̀ kan fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọjá níbẹ̀ ní àràárọ̀ láti kí i. Ó ń kí mi ní èdè tirẹ̀, mò ń kí i ní ti Ìkálẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí a kò yé ara wa.

Àwọn òyìnbó ibẹ̀ ló ṣòroó kí. Ọ̀gá mi níbẹ̀, Mista Wílòbì, pupa bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Bí ó bá fẹ́ bú ọ, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ó lè tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ tíì àárọ̀ tán.

Ní ti oúnjẹ, ìrẹsì wọn kò níyọ̀, ọbẹ̀ wọn kò láta, ẹ̀yìn ìgbà tí ìrẹsì ti tán ni wọ́n sì ń gbé ọbẹ̀ wá, bí ẹni pé ó gbàgbé nǹkan sílé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun. Mo kọ́ ọ títí, síbẹ̀ ìrẹsì ń ti orí ọ̀pá bọ́ sí itan mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wú mi lórí: àlejò ni wọ́n ń gbé orí ẹja fún. Ibi tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó yẹ kí orí ẹja kàn, ibẹ̀ kì í ṣe igbó.

Ilé tó wà lórí afárá

Odò kékeré kan ló pààlà láàárín ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso àti ilẹ̀ Ṣáínà. Onífàyàwọ́ á wà lójú odò, àwọn Gẹ̀ẹ́sì á lé e, á sá sí apá Ṣáínà. Àwọn Ṣáínà á lé e, á sá padà. Aṣọ́bodè ìhà méjèèjì wá gbà láti jókòó pọ̀, kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ kó dà bíi pé òun gbà pé èkejì ní ẹ̀tọ́ láti wà létí odò.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ilé onípáànù kan sáàárín afárá. Ààlà gba abẹ́ tábìlì kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀kùn tiwọn wọlé, àwọn Ṣáínà ń gba tiwọn, oníkálùkù gbé ìkòkò tíì tirẹ̀ wá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun mu ti ẹnìkejì.

Mista Wílòbì mú mi dání. Ó fẹ́ kí àwọn Ṣáínà rí ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira, tó ṣì ń rìn tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó dè é lókùn. Ọ̀gá àwọn Ṣáínà, Ọ̀gá Ṣẹ́n, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín sí i bí inú bá ṣe ń bí i sí i, dìde kí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní inú òun dùn láti rí arákùnrin òun tó ti lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílé. Ìhà méjèèjì wá ń fà mí. Wọ́n fi odindi àárọ̀ kan jiyàn lórí ibi tí n óò jókòó sí. Níkẹyìn wọ́n gbé àga mi sí orí ààlà gan-an, ìdí mi ọ̀tún wà lábẹ́ Ọbabìnrin, ti òsì wà ní Ṣáínà. Bí mo bá mu ife tíì kan láti apá kan, àfi kí n mu ọ̀kan láti apá kejì. Àpòòtọ̀ mi nìkan ló mọ ohun tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ná mi.

Ògbifọ̀ wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Láù, ará èbúté náà, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti lé ní ogójì ọdún. Òun ló ń sọ èdè ìhà kan fún ìhà kejì. Mo ṣàkíyèsí pé Mista Wílòbì lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí Láù sì fi gbólóhùn kan túmọ̀ rẹ̀. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ọ̀gá, ohun tó wúlò níbẹ̀ ni mò ń sọ."

Obìnrin tó wà lójú fèrèsé

Ẹgbẹ́ fèrèsé ni àga mi wà. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ onígi ni, ó ní òrùlé ẹní, irú èyí tí ìdílé ń gbé inú rẹ̀. Obìnrin kan ló ni ín, Mẹ́ì ni Láù pè é fún mi. Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ku òun àti ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Ó ń fi ọkọ̀ náà kó àpò ṣúgà díẹ̀ ní fàyàwọ́, ìhà méjèèjì sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju okùn mú imú ọkọ̀, àwọn Ṣáínà ju okùn mú ìdí rẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan so okùn tirẹ̀ mọ́ òpó ní etí odò tirẹ̀, wọ́n ní àwọn ló mú un. Ẹni tó bá tú okùn rẹ̀, ó ti gbà pé ẹnìkejì ló ni odò. Nítorí èyí ni ìpàdé fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà nìkan ni wọn kò sì tíì dé.

Bí omi bá kún, okùn méjèèjì á le tantan, ọkọ̀ á ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Bí omi bá fà, á jókòó sínú ẹrẹ̀. Pákó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya níbi ìdí. Láti àárọ̀ di alẹ́, igbá kan ni obìnrin yìí fi ń gbọ́n omi. Kò lè gòkè sí apá ibí, kò ní ìwé. Kò lè gòkè sí apá ọ̀hún, kò ní ìwé níbẹ̀ náà. Bí ọkọ̀ yẹn bá rì, ilé rẹ̀ rì, oko rẹ̀ rì, kò sì sí ilẹ̀ kankan tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Ní ti ṣúgà, ó ti yọ́ sómi tipẹ́. Ẹja odò yẹn ló jẹ ẹ̀rí tán.

Mo béèrè lọ́wọ́ Mista Wílòbì ìgbà tí wọn yóò mẹ́nu kàn án. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ó wà lára ohun tí àwọn yóò gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn tí àwọn bá ti fẹnu kò lórí bí àwọn yóò ṣe máa gbé nǹkan yẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ẹtì

Nígbà tó pẹ́ tó ti pẹ́, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí kókó kìíní: pé ìpàdé náà yóò máa tẹ̀ síwájú. Ìhà méjèèjì ní àfi kí àwọn ṣe àjọyọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá.

Ẹ̀yin ará mi, n kò rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ìhà kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi ìkòkò ṣẹ́gun ìkejì. Àwọn Ṣáínà gbé pẹ́pẹ́yẹ yíyan wá, ara rẹ̀ ń dán, òróró ń kán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹran màlúù tí wọ́n dín lódindi. Òórùn kún inú ilé páànù náà títí tó fi dà bíi pé òórùn náà gan-an ṣeé jẹ. Ààwẹ̀ sì wà lẹ́nu mi. Aago méjìlá ni, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jìnnà bí ọ̀nà Èkó.

Mo tẹ́wọ́ sí itan. Wọ́n gbé orí ẹja síwájú mi, mo mi orí. Wọ́n bu tíì, mo mi orí. Kí ojú mi má baà mú ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn, mo yí orí sí fèrèsé, mo tẹjú mọ́ ìta gbọnyingbọnyin, mo ń gbàdúrà nínú ikùn. Ọkọ̀ Mẹ́ì ló wà lójú fèrèsé yẹn.

Ọ̀gá Ṣẹ́n wò mí, ó wo ibi tí mò ń wò, ó rọra gbé ọ̀pá ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ gbé tiwọn kalẹ̀. Mista Wílòbì, tí ẹran ti wà lórí fọ́ọ̀kì rẹ̀ lójú ọ̀nà ẹnu, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dá a padà sínú àwo.

Láù tẹ̀ sí etí mi. "Ọ̀gá, Ọ̀gá Ṣẹ́n ní òun mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ó ní ọmọ Áfíríkà kò lè jẹun lójú ẹni tí ìyà ń jẹ. Ó ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹ dá a ṣe. Mista Wílòbì náà ní òun kò ní jẹun ṣáájú àlejò òun."

"Ẹ sọ fún wọn pé ààwẹ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bó bá di aago mẹ́fà, mo máa jẹun."

Láù wo fèrèsé. "Inú irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n bí mi sí," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wọn, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan ní èdè Ṣáínà, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé, "Àlejò wa ní òun lè dúró."

Mo ti la ẹnu láti sọ òótọ́ fúnra mi. Mo tún wo ìta. Títí di ìgbà náà, ojú tí ń sá fún ẹran ni mo fi ń wo obìnrin náà. Báyìí ni mo wá rí i. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́n ọ́n lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ebi tí ń pa mí di ìtìjú fún mi. Mo pa ẹnu mi dé. Òótọ́ kì í bàjẹ́ bí a bá fi í pamọ́ di aago mẹ́fà.

Ohun tí mo rí ní ọ̀sán yẹn, ẹ kò ní rí i nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ́bodè. Àwọn tó fi ikùn kíkún jiyàn láti ìgbà yìí wá, ebi dé, ọgbọ́n dé. Bí òróró ṣe ń dì lára pẹ́pẹ́yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn ń yọ́. Ọ̀gá Ṣẹ́n ní tí a bá wò ó dáadáa, ṣúgà kì í ṣe ìbọn. Mista Wílòbì tọrọ àforíjì, ó ní tí a bá tún wò ó sí i, kò sí ṣúgà rárá. Ikùn ẹnì kan kùn nínú àwọn ará Ṣáínà, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dá a lóhùn. Kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ìhà méjèèjì dá obìnrin náà sílẹ̀ pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó kọ́kọ́.

Ta ni yóò kọ́kọ́ tú okùn?

A jáde. Mista Wílòbì lọ sídìí òpó tirẹ̀, Ọ̀gá Ṣẹ́n lọ sídìí tirẹ̀ ní òdìkejì. Láù àti èmi dúró lórí afárá. Láù pariwo ní èdè méjèèjì pé ó ti yá. Mista Wílòbì gbé ọwọ́ lé okùn, ó ń wo ọwọ́ Ọ̀gá Ṣẹ́n. Ọ̀gá Ṣẹ́n gbé ọwọ́ lé okùn, ó ń wo ọwọ́ Mista Wílòbì. Kò sí ẹni tó tú nǹkan kan. Láù tún pariwo. Wọ́n tún wo ara wọn. Mista Wílòbì tọrọ àforíjì láti etí odò kan dé ìkejì, ó ní kí Ọ̀gá Ṣẹ́n máa ṣe é lọ. Ẹ̀rín Ọ̀gá Ṣẹ́n fẹ̀ sí i, ó ní kò tọ́, kí àlejò ṣáájú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iyàn lórí ta ni àlejò.

Omi sì ń kún. Mo gbọ́ tí pákó ìdí ọkọ̀ náà dún wàràkà. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe ní Ìkálẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n dákun tú u, kò sí ẹni tó gbọ́ mi.

Mẹ́ì dìde. Ó wo àwọn ọ̀gá méjèèjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ju igbá sílẹ̀, ó fa ọ̀bẹ tó fi ń pa ẹja yọ. Ó rìn lọ sí imú ọkọ̀, ó gé okùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó rìn padà wá sí ìdí ọkọ̀, ó gé ti Ṣáínà. Kò yára rárá. Bí ẹni ń gé ìdí ilá sí ọbẹ̀ ló ṣe é.

Odò gbé e. Àwọn ọ̀gá méjèèjì dúró, àjákù okùn wà lọ́wọ́ oníkálùkù. Lẹ́yìn náà ni Mista Wílòbì ké sí Láù pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìhà méjèèjì jọ dá a sílẹ̀. Ọ̀gá Ṣẹ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́. Nínú gbogbo ìpàdé yẹn, n kò rí ohun tí wọ́n tètè fẹnu kò lé lórí bí èyí.

Láù kò kọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ afárá mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi aṣọ́bodè ìjọba, mo pàtẹ́wọ́ fún onífàyàwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná. Mẹ́ì kò bojú wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan di àjẹ̀ mú, ó ń fi èkejì gbọ́n omi, ó dorí kọ ojú òkun, níbi tí odò kò ti ní apá kankan.